Lẹ́tà ṣíṣí sí olórí ẹbí wa, lórí oko kòkó tó ti di igbó

Bàbá wa,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìdúró ilé de gbogbo àwa tí a fọ́n ká sẹ́yìn odi. Màámi sọ fún mi pé orúnkún tó ń dà yín láàmú ti fúyẹ́ díẹ̀, mo dúpẹ́.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ èyí. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni méjì fi àtàǹpàkò dáhùn. Ẹnì kan ní "àmín", bẹ́ẹ̀ mi ò gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ju fídíò ìyàwó tó ń jó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kú. Ìdí kejì ni pé irú oko tiwa pọ̀. Láti Oǹdó dé Ìdànrè, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, ìdílé onikòkó wo ni kò ní in? Igi kòkó ti gbó, ọmọ ti lọ sí Èkó, àgbàṣe ti padà sí ìlú rẹ̀, igbó ti gba ilé ìsákòkó. Bí lẹ́tà yìí bá bọ́ sọ́wọ́ olórí ẹbí mìíràn, kí wọ́n bá wa gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé àwọn onígẹdú tó fẹ́ gé igi oko wa. Ó kéré tán, ẹ má fọwọ́ sí i fún òdì kejì odò.

Ẹ mọ̀ pé mo lọ sí Trinidad, erékùṣù kan ní òkun Káríbíà, lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣe ọgọ́rin ọdún ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ ní kí n bi wọ́n bóyá ó ku Yorùbá kankan níbẹ̀. Mo bi wọ́n. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti di èèwọ̀, tí àwọn ẹrú erékùṣù náà sì ti gba òmìnira pátápátá ní 1838, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń gba àwọn ènìyàn wa lọ́wọ́ olówò ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó lára wọn lọ síbẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ oko. Àwọn yẹn ni wọn ò jẹ́ kí orúkọ Ògún, Ṣàngó, Ọya àti Ọ̀ṣun parẹ́ níbẹ̀ títí dòní. Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé lọ kí wọn ní 1988. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi gbé àwo kan síwájú mi, wọ́n ní "accra" ni. Ìyẹ̀fun àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀ rárá. Mo jẹ mẹ́fà. Kì í ṣe àkàrà, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún?

Lọ́jọ́ kẹrin ni ọ̀rẹ́ mi wà mí gba ìlú Arima lọ sórí òkè. Ọ̀nà yẹn tín-ín-rín, ó ń lọ́ bí ejò, ọparun bò ó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ọkọ̀ méjì bá sì pàdé, ọ̀kan ní láti fẹ̀yìn rìn. Ibi tí a ń lọ ni wọ́n ń pè ní Asa Wright Nature Centre. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹyẹ là ń lọ wò. Mo ní ṣé ẹyẹ ni mo wá wò láti Lọ́ńdọ̀nù? Mo bá a lọ ṣá.

Bàbá, kì í ṣe ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Kòkó ni.

Mo dúró sójú ọ̀nà. Igi kòkó nìyí, ó ti gbó, ohun tútù bí irun ti hù bo gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé èso pupa mẹ́rin mọ́ra lápá ìsàlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí ẹyẹ ti lu ọ̀kan, ó ti fa inú rẹ̀ jẹ, òfìfo rẹ̀ ṣì so kọ́ sórí igi. Ewé gbígbẹ ń dún wàràwàrà lábẹ́ bàtà mi. Òórùn ibẹ̀ ló mú omi bọ́ lójú mi: òórùn ilẹ̀ abẹ́ kòkó, tí ewé ti jẹrà lé ewé lórí láti ọdún pípẹ́. Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbóòórùn yẹn, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ìyá àgbà ń pè mí pé kí n wá mú àdá wá. Ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé ṣé ara mi yá.

Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Spring Hill lorúkọ rẹ̀. Kòkó, kọfí àti ọsàn ni wọ́n gbìn síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé olówó sórí òkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí kòkó Trinidad ń ṣe gudugudu lọ́jà àgbáyé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, iye owó kòkó já wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti dìde ni àrùn kan wọlé ní 1928. Ìgbálẹ̀ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó máa ń sọ ẹ̀ka kòkó di ìdì ọwọ̀ gbígbẹ. Ọ̀pọ̀ oko ló kú síbẹ̀. Àwọn tó lówó kó lọ, igbó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí òkè, ó ń gba ilẹ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ rí ìgbà tí ìjọba gé kòkó àwọn ará Ìbàdàn lulẹ̀ nítorí àrùn, ẹ ò nílò kí n ṣe àlàyé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ní nǹkan bí 1947, tọkọtaya kan ra oko náà. Agbẹjọ́rò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ, Newcome Wright. Ìyàwó, Asa, wá láti Iceland, ilẹ̀ tí igi kò ti fi bẹ́ẹ̀ hù. Wọn ò wá dá ọgbà ẹranko sílẹ̀ o. Kòkó, kọfí àti ọsàn ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Beebe ra ilé kan nítòsí wọn, ó sọ ọ́ di ilé ìwádìí, ó pè é ní Simla. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ pọ̀ ju yàrá tó wà lọ, ni wọ́n bá ń lọ wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn Wright. Àwọn tó ń ya àwòrán ẹyẹ ń wá. Ọ̀gbẹ́ni David Snow ń wá, ẹni tó jókòó ti ẹyẹ ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tó ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Bí oúnjẹ àti yàrá ṣe ń mú owó wọlé nìyẹn níbi tí kòkó ò ti mú un wọlé mọ́.

Ọkọ kú ní 1955. Ó wá ku obìnrin kan àti oko ńlá. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí, torí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ nípàdé ẹbí lórí oko náà ni pé àwọn òyìnbó lówó tí wọ́n lè fi ilẹ̀ ṣeré. Obìnrin náà kò fi ilẹ̀ ṣeré. Ó fẹ́ tà á. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ti ń sùn nílé rẹ̀ ló dáwó jọ, wọ́n sì rà á ní 1967, wọ́n fi í sábẹ́ ìgbìmọ̀ alábòójútó, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó àti ẹyẹ ni ilẹ̀ náà wà fún. Ó gba owó rẹ̀. Ó sì wà nínú ilé rẹ̀ títí ó fi kú ní 1971. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Simla kún un, wọ́n ń ra oko àtijọ́ tó yí wọn ká, ó ti ju 1,000 éékà lọ lónìí.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà gùn, ó kọjú sí àfonífojì. Ìjókòó ni wọ́n tò síbẹ̀, ẹ̀yin náà lè jókòó kí ẹ máa mu kọfí. Wọ́n so ìgò omi ṣúgà kọ́ síwájú. Ẹyẹ kan dé, kò tó àtàǹpàkò mi. Ó dúró sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé okùn ló so ó rọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé mi ò rí ìyẹ́ mọ́, atẹ́gùn kékeré rẹ̀ kàn mí lójú. Ó fi ẹnu tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ bọ inú ìgò, ó yọ ọ́, ó wò mí, ó lọ. Òmíràn dé tí ara rẹ̀ jẹ́ aró pátápátá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀yìn ọsàn. Ẹnu mi ṣí, mo ń sọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Tọkọtaya òyìnbó arúgbó tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé orúkọ ẹyẹ ni mo ń pè, wọ́n mú bírò, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹran kan tó jọ ọ̀yà, àmọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ń ṣa èso jẹ. Ó bá ẹlòmíràn tó jọ awọ́nríwọ́n pàdé, wọ́n yà fún ara wọn bí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Kò sẹ́ni tó sáré mú okùn. Èmi nìkan ni mo ń ronú ọbẹ̀, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn náà la wọnú igbó. Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti ń gbọ́ ohùn kan, kó! kó! kó!, bí ẹni ń na irin nílé arọ. Mo bi ọkùnrin tó ń fi ọ̀nà hàn wá pé ṣé alágbẹ̀dẹ wà nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ ni. Akọ rẹ̀ ń jókòó sórí igi gíga, ó ń fi gbogbo ọjọ́ pariwo yẹn kí abo lè gbọ́. Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ gba ibí kọjá láti ilẹ̀ Yorùbá, tó gbọ́ ohùn yẹn láàárín igbó àjèjì, á ti mọ̀ pé Ògún ti ṣáájú òun débẹ̀. Níwájú, ó ní ká dákẹ́, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀. Àyè kékeré kan wà lábẹ́ igi wẹ́wẹ́, kò tó àtẹ́ ìyá oníyẹ̀fun, ilẹ̀ ibẹ̀ sì mọ́ fínnífínní, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Ẹyẹ dúdú òun funfun kan ló gbá a. Ibẹ̀ ni pápá ijó rẹ̀. Ó fò láti igi kan sí èkejì, ìyẹ́ rẹ̀ dún pà! bí igi gbígbẹ tó dá. Ẹlòmíràn dáhùn, wọ́n ju mẹ́wàá lọ níbẹ̀, oníkálùkù lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Mo ronú kan àwọn ẹbí wa níbi ìpàdé ilẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù, mi ò rí i. Ihò àpáta kan wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò, àwọn ẹyẹ kan ń sùn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, alẹ́ ni wọ́n ń jáde, èso nìkan ni wọ́n sì ń jẹ. Èso igi tó bá ọ̀pẹ tan ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn ihò yẹn, ohùn ni: wọ́n á ké, ohùn á kọlu ògiri padà wá, wọ́n á mọ ibi tí ògiri wà, bíi ti àdán. Ọmọ wọn máa ń sanra ju ìyá rẹ̀ lọ kó tó hu ìyẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn ń kó ọmọ náà, wọ́n ń sè é, wọ́n ń yọ epo rẹ̀ fún ọbẹ̀ àti fún iná. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹyẹ elépo ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀, torí bí a bá da ẹyẹ náà láàmú jù, á fi ìtẹ́ sílẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ti sanwó. Nígbà tó yá, mo rò ó pé ibi tí wọ́n ti lè sọ fún ẹni tó sanwó pé "ibí, o ò gbọdọ̀ dé" ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ohun kan tún wà, ó kan ilé wa tààrà. Láàárín igbó náà, àwọn igi gíga kan ta òdòdó aláwọ̀ iná, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè ń jó láìsí èéfín. Kì í ṣe igi tó hù fúnra rẹ̀. Àwọn onikòkó ló gbìn ín láti ṣíji bo kòkó, ó sì ń fún ilẹ̀ lóunjẹ pẹ̀lú, torí ìbátan ẹ̀wà ni. Àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ń pè é ní ìyá kòkó. Kòkó ti kú lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn, ìyá ṣì dúró, ẹyẹ sì ń mu omi òdòdó rẹ̀. Igbó tí gbogbo ayé ń wá wò yẹn, apá kan rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àgbẹ̀.

Bàbá, ẹ sọ fún mi nígbà kan pé kòkó ìjọba ni bàbá àgbà gbìn sí òdì kejì odò, pé kì í ṣe irú èyí tí bàbá tiwọn gbìn. Mo ka ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Onímọ̀ kan, Pound, lọ wá irú kòkó tó lágbára sí àrùn ní igbó Amazon lẹ́yìn 1930, ó kó wọn wá sí Trinidad. Ní 1944, onímọ̀ mìíràn, Posnette, kó èso lára àwọn ọmọ kòkó yẹn láti Trinidad wá sí ibùdó ìwádìí ní Tafo ní Gánà. Nínú ìran kẹta rẹ̀ ni wọ́n ti rí èyí tí wọ́n ń pè ní F3 Amazon, tí wọ́n pín fún àgbẹ̀ ní Gánà àti ní ilẹ̀ wa. Bó bá jẹ́ òun ni bàbá àgbà gbìn, a jẹ́ pé erékùṣù yẹn ni kòkó wa gbà wá. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn wa lọ, òun ni kòkó gbà bọ̀. Mo sì dúró níwájú igi yẹn láàárọ̀, mo ń sunkún, mi ò mọ̀ pé ẹbí ni wá.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ẹni tí kò sí nílé kò mọ ibi tí ilé ti ń jò. Òtítọ́ ni. Mo mọ̀ pé òrùlé ilé ńlá ń jò, pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àbúrò yín wà nílẹ̀, pé onígẹdú ti fi owó àkọ́san sílẹ̀ àti pé àwọn kan ti ná nínú rẹ̀. Ẹ máa ní àwọn arìnrìn-àjò wo ló máa wá sí abà wa, níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, tí ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa gan-an wá? Mi ò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Mi ò tilẹ̀ ní kí a kọ́lé àlejò. Ibi tí mo lọ gan-an, owó àlejò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á: nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ẹnikẹ́ni ò wọkọ̀ òfuurufú mọ́, wọ́n ti ilé àlejò pa, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ sílé, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún ṣí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé igbó lé àlejò lórí, ọjọ́ tí àlejò ò bá wá ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n ti ilé pa, igbó ò kú. Kò sẹ́ni tó lè tà á. Ìwé 1967 yẹn ló dì í mú.

Kí ẹ má baà ní Trinidad jìnnà, ẹ rán ọmọ kan lọ sí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún kan náà, 1967, ni wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀. Abúlé àti oko ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bí 350 hẹ́kítà sílẹ̀, wọn ò dáko síbẹ̀, igbó sì padà. Ẹyẹ kan wà nínú rẹ̀, ìbátan ẹ̀gà, ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa. Orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sọ ọ́, torí pé ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà wa yìí nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Ó sì ti ń tán lọ, nítorí àwọn igbó kéékèèké tó ń gbé inú rẹ̀ ni onígẹdú ń gé. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà nínú tiwa. Kò sẹ́ni tó tíì wò.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Apá ẹ̀gbẹ́ títì, láti ibi ìsákòkó àtijọ́ dé ẹ̀yìn abà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó wà nílé tún un gbìn, mi ò bá wọn jà. Òdì kejì odò, níbi tí ìrókò méjì àti àràbà wà, kí á fi sílẹ̀. Kí á forúkọ ẹgbẹ́ alábòójútó sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọmọ ẹbí mẹ́ta, ará abà méjì, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ pé ẹnì kan kò lè dá a tà, àní olórí ẹbí pàápàá. Ẹ forí jì mí fún gbólóhùn yẹn. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bẹ̀rù, ẹni tó máa jẹ oyè lẹ́yìn yín ni.

Mi ò ní kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Asa Wright náà gba owó. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn àti àbúrò mi tó wà ní Houston ti sọ̀rọ̀. A máa dá owó àkọ́san onígẹdú padà, títí kan èyí tí wọ́n ti ná. A máa tún òrùlé ilé ńlá ṣe kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Ní ti owó ilé-ìwé, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà ránṣẹ́, ká mọ iye wọn gan-an, torí ẹni tó sọ ọ́ nípàdé ní mẹ́rin, ẹni tó pè mí lẹ́yìn ìpàdé ní méje.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ọkùnrin tó fi ọ̀nà hàn wá sọ pé ìyá àgbà òun jó kòkó lórí irú oko bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ijó ọdún ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti sá kòkó, wọ́n á wọ́n omi sí i díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á bọ́ bàtà, wọ́n á gun orí rẹ̀, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ yí i títí á fi máa dán. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá àgbà yẹn dán títí wọ́n fi kú. Lórí àwọn oko Trinidad láyé àtijọ́, aláìní ló máa ń gba ilẹ̀ igbó lọ́wọ́ olówó, á ṣán an, á gbin kòkó, á tọ́ ọ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olóko á wá ka igi, á san owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gba oko. Orúkọ olóko ló máa ń kù.

Mo gbọ́ èyí, mo rántí àgbàṣe wa tí à ń pè ní Bàbá Àgàtú. Ẹ rántí wọn? Àwọn ló ń fín kòkó láìfi aṣọ bo imú, àwọn ló ń ru omi láti odò. A ò mọ̀ bóyá ẹ̀yà Àgàtú ni wọ́n lóòótọ́ tàbí ẹ̀yà Ìgédè, a ò bèèrè. Òdì kejì odò yẹn ni a sin wọ́n sí, lábẹ́ ìrókò tó wà lápá òsì, èyí tí onígẹdú ti fi ọ̀dà funfun sàmì sí lára. Bàbá àgbà ni à ń sọ pé wọ́n gbin oko náà. Bàbá àgbà ni wọ́n ni ín. Ta ló gbìn ín?

Mò ń bọ̀ nílé ní oṣù Ọ̀pẹ̀. Kí n tó dé, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rántí orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, ẹ ní kí ọmọ tó ń ka lẹ́tà yìí fún yín tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp ẹbí.

Èmi ọmọ yín,
ní Lọ́ńdọ̀nù